Orúkọ Ta Ló Wà Lórí Dómáìnì Yín?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan tún pè mí lóru: "Ẹ̀gbọ́n, ayé ti ti ojú òpó mi pa." Ayé kọ́ o. Owó ọdún dómáìnì rẹ̀, ìyẹn orúkọ táwọn èèyàn ń tẹ̀ kí wọ́n tó dé ojú òpó náà, ló tán. Ímeèlì ẹni tó bá a kọ́ ojú òpó náà ni ìránnilétí ń lọ, onítọ̀hún sì ti fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ tipẹ́.

Mi ò ní ṣàlàyé ohun tí server jẹ́. Kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà tí ojú òpó yín ń gbé ni. Tó bá sú onílé, yóò tìlẹ̀kùn: Yahoo pa GeoCities, níbi táwọn èèyàn ti ń kọ́ ojú òpó, ní 2009, Google pa Google+, ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní 2019. Lọ́dún 2019 yẹn kan náà ni ìkànnì MySpace sọ pé orin táwọn èèyàn kó síbẹ̀ ṣáájú 2016 ti sọnù níbi tí àwọn ti ń kó ẹrù láti server kan sí òmíràn.

Àwọn kan á gbọ́ èyí, wọ́n á ní ẹ̀wù àyálò kì í yẹ ọmọ èèyàn, wọ́n á sì lọ ra server sí yàrá. Ta ló rán yín? Server, ẹ yá a. Èmi gan-an, yíyá ni mo ń yá a. Ẹ ṣáà fi ẹ̀dà iṣẹ́ yín pamọ́ síbòmíràn: nígbà tí iná jó ilé server iléeṣẹ́ OVHcloud ní Strasbourg, nílẹ̀ Faransé, ní oṣù kẹta 2021, àwọn tí ẹ̀dà tiwọn náà wà níbẹ̀ pàdánù méjèèjì.

Dómáìnì lọ̀rọ̀ wà. Bó bá jẹ́ orúkọ yín ló wà lórí rẹ̀, ẹ lè kó kúrò lórí server kan lónìí, kí ẹ kó lọ sórí òmíràn lọ́la, òǹkàwé kò ní mọ̀. Ẹ wọlé sórí àkáǹtì yín lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ta dómáìnì náà, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "Registrant" (ẹni tó ni orúkọ náà) sí. Ẹ wo ímeèlì tó wà níbẹ̀. Kó má jẹ́ èyí tó ń gbé lórí dómáìnì yẹn kan náà, torí ọjọ́ tí dómáìnì bá kú, ímeèlì kú nìyẹn. Ẹni tó bá sì ní òun fẹ́ ta .com fún yín títí ayé, ẹ sá fún un. Ọdún 10 ni òpin ohun tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá kan tó ń kọ́ni ní aṣọ rírán kó rìsíìtì dómáìnì rẹ̀ wá bá mi. Òun ló ń sanwó lọ́dọọdún, àmọ́ orúkọ ọmọkùnrin tó bá a ṣiṣẹ́ ló wà nínú ìwé, ìjà sì ti dé. Mo kọ lẹ́tà títí sí iléeṣẹ́ tó ta dómáìnì náà. Èsì kan náà ni: ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ làwọn mọ̀. A fi orúkọ tuntun bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń ta lórí ti àtijọ́ báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ṣì ń pè é pé ìgbà wo ni Mọ̀mí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tẹ́tẹ́.