Àlàkalẹ̀ ìlò ilẹ̀ ni, kì í ṣe pínpín ilẹ̀

Ìwé pélébé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ níbi ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá tó ń dáko ní agbègbè Kwali ní Abuja, lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Àwọn tó kọ ọ́ fẹ́ fètò sí bí a ó ṣe máa lo ilẹ̀ àdúgbò náà lọ́jọ́ iwájú, ohun tí òyìnbó ń pè ní "land use plan", wọ́n sì ti túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá kó lè yé wa. Ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sórí rẹ̀ ni "Pínpín Ilẹ̀ fún Ọjọ́ Iwájú."

Ìyá kan tó ti ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò fún nǹkan bí ogún ọdún dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni wọ́n fẹ́ pín in fún? Èmi tí mo gba ilẹ̀ dáko lọ́wọ́ àwọn Gbagyi, ọmọ onílẹ̀ ibí, ṣé mo wà lára ẹni tí wọ́n máa fún ni, àbí lára ẹni tí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?" Kò sẹ́ni tó rí i dá lóhùn. Ìpàdé tú, inú ń bí oníkálukú. Ìyá ò jẹ̀bi o. Pínpín ni wọ́n pè é, pínpín ló gbọ́.

Ogún là ń pín, ẹran là ń pín. Bí a bá pín nǹkan tán, kálukú á gbé tirẹ̀ lọ sílé. Ohun tí à ń sọ yìí kò fún ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀, kò sì gba ti ẹnikẹ́ni. Ní Abuja pàápàá, òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ti sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀. Ta ló wá fẹ́ jókòó sí Kwali kó máa pín in? Iṣẹ́ tí apá ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò máa ṣe ni wọ́n ń sọ: ibí fún oko, ibí fún ilé, ibí fún ọjà, ibí fún ọ̀nà màlúù tí àwọn Hausa ń pè ní burtali, ibí kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Àlàkalẹ̀ ìlò ilẹ̀ ni mo ń pè é, mi ò sì ní yí i padà. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. "Là" ló wà nínú rẹ̀, "là" tó wà nínú kí a la ọ̀nà, tó wà nínú ìlànà. "Kalẹ̀" sì tẹ̀ lé e: a gbé e sílẹ̀, ojú gbogbo ayé rí i. Àwọn kan ní àlàkalẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ ilé ìwé, pé àlàkalẹ̀ ẹ̀kọ́ là ń sọ. Ṣé ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n ń là kalẹ̀ ni? Ilẹ̀ gan-an ló yẹ ọ̀rọ̀ náà jù.

Olùkọ́ kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ń bá mi fà á pé "ìwéwèé" ló dára jù. Ẹ jọ̀ọ́, sà, olè náà ń wéwèé. Ohun tí a ṣì ń wéwèé, inú ẹni ló wà, aládùúgbò ò rí i. Àwọn éjẹ́ǹtì tó ń ta ilẹ̀ ní tiwọn, "lé-áòtù" ni ṣáá. Nígbà tí lé-áòtù bá dé, wọ́n ti gé pulọ́ọ̀tì, wọ́n ti ri bíkìn, òpó ààlà, mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́. "Másítà-pláànù" tí rédíò fẹ́ràn ló tún burú jù létí àgbẹ̀. Ìwé tí wọ́n parí ní 1979 fún olú-ìlú tuntun ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí òfin 1976 gé agbègbè náà sọ́tọ̀. Ìlú tí kò ní ju mílíọ̀nù 3.1 ènìyàn lọ ni wọ́n ní lọ́kàn. Bí ẹni tó ń gbé Kwali bá gbọ́ orúkọ yẹn, Maitama, àdúgbò àwọn olówó, àti katapílà ló ń rí. Ó ń rántí Kubwa, níbi tí wọ́n kó àwọn Gbagyi tí wọ́n ṣí kúrò lórí ilẹ̀ olú-ìlú lọ. Kí ló dé tí a ó fi orúkọ yẹn dẹ́rù bà á?

Òfin ìfètòsílùú ti 1992 ka oríṣiríṣi irú ètò yìí, ti ìlú ńlá, ti ìgbèríko, ti agbègbè. Àlàkalẹ̀ ni gbogbo wọn, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ẹ wo télọ̀ tó ń rán yunifọ́ọ̀mù fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Kò tíì fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí. Ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ilà: ibí ni apá, ibí ni ọrùn, ibí ni àpò. Bí ilà bá wọ́, ó fọwọ́ nù ún, ó fa òmíràn. Létí ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ó fi ìka mẹ́ta sílẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ sínú, torí ọmọ náà ń bọ̀ wá ga. Tó bá yá, ìyá rẹ̀ á tú u. Ṣọ́ọ̀kì yẹn ni àlàkalẹ̀. Àlùmọ́gàjí ni lé-áòtù. Ìka mẹ́ta tó ṣẹ́ sínú ni ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ de ilé ìwé, itẹ́ òkú àti ọjà tí kò tíì sí. Ibi tí aṣọ bá ti fẹ́lẹ́, télọ̀ ò ní fi ṣe orúnkún. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí wọ́n la ilà ilé sétí odò Usuma ní Gwagwalada, níbi tí omi ti máa ń ya wọlé.

Ní ìpàdé kejì, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ "àlàkalẹ̀ ìlò ilẹ̀" sára pátákó, a sì tẹ́ máàpù sórí bẹ́ǹṣì. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ sún mọ́ ọn. Ó ní kí n fi ọwọ́ òun lé ibi tí àkùrọ̀ òun wà. Mo fi í lé e. Ó fi èékánná tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ títí dé etí ìwé, ó ní, "Ibí ni màlúù máa ń gbà lọ mumi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn ò là á."

Lóòótọ́, wọn ò là á. A fún un ní bírò.