Kì í ṣe ayé ló kó ìwé lórí ọmọ yín

Tí ìdánwò JAMB bá ti ń sún mọ́lé, mo ti mọ ẹjọ́ tó ń bọ̀ níwájú mi. Ìyá á kọ́kọ́ wọlé, ọmọ á tẹ̀lé e, á dorí kodò. "Nọ́ọ̀sì, ó ka ìwé náà tán. Ó kà á sókè létí mi nílé. Bó ṣe dé iwájú kọ̀ǹpútà, gbogbo ẹ̀ pòórá. Àwọn ayé ló wà nídìí ẹ̀." Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń tọ́jú aláìsàn ọpọlọ l'Abẹ́òkúta yìí, mi kì í bá ìyá jiyàn ayé mọ́. Ọmọ ni mo máa ń kọjú sí: aago mélòó lo sùn lánàá? Ìyá ni yóò dáhùn, tìyangàn-tìyangàn: "Kì í sùn rárá, ó ń gbìyànjú!"

Ìbẹ̀rù ló ṣe é níwájú kọ̀ǹpútà. Apá kékeré kan wà nínú ọpọlọ tí à ń pè ní amygdala, kò ju ẹyọ ẹ̀pà tó sanra lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó figbe ta, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ejò àti ìbéèrè físíìsì. Tó bá ti pariwo, àyà á máa lù kìkì, àtẹ́lẹwọ́ á làágùn, iwájú ọpọlọ tí à ń fi ronú ò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Ìwé ò lọ ibì kankan. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń rántí gbogbo ìdáhùn kó tó dé Láfẹ́nwá. Àbí inú màrúwá làwọn ayé ti dá a padà fún un?

Oorun ni mo fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ dáadáa. Ohun tí ọmọ kà lójúmọmọ, apá mìíràn nínú ọpọlọ tí à ń pè ní hippocampus ló kọ́kọ́ gbà á. Ní 1953, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ará Amẹ́ríkà kan, Henry Molaison, nítorí wárápá, wọ́n sì gé èyí tó pọ̀ nínú hippocampus rẹ̀ kúrò lọ́tùn-ún lósì. Wárápá dẹwọ́. Ṣùgbọ́n títí tó fi kú ní 2008, ẹni tó bá jáde lọ́dọ̀ rẹ̀ tó tún padà wọlé, àlejò tuntun ni. Ìgbà èwe rẹ̀ ò sì kúrò lórí rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni hippocampus, kì í ṣe yàrá. Inú oorun tó wọra ló ti ń kó ohun tó gbà lójúmọmọ wọ yàrá. Ẹ bi àwọn aláró Ìtokú léèrè. Ta ló ń ti aṣọ bọ ìkòkò aró tí kì í yọ ọ́? Wọ́n á fà á jáde, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, ìgbà náà ni àwọ̀ ń mú, wọ́n á tún rì í. Ọmọ tí kò sùn, inú ìkòkò ló wà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Raymond Prince, oníṣègùn ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró wa níbí, ti kọ̀wé ní 1960 nípa akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń jó, tí ojú ń ṣú, tí ohun tí wọ́n ń kà ò yé wọn mọ́.

Ìsọ̀yè ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ máa bèèrè. Ọmọ awo tó ń kọ́ Ifá, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń tún ẹsẹ kan náà pè lójú ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀yin fẹ́ fi gbẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ṣe é. Àwọn tó tiẹ̀ ń bí mi nínú jù ò mọ ewé kankan: àwọn tó ń ta hóró oògùn nídìí ilé lẹ́sìn JAMB, "gbé e mì, o ò ní sùn."

Wọ́n gbé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan wá, gìrì ti gbé e lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ti fi wà lórí òkè àdúrà. Wọ́n ní wárápá àfiṣe ni. Mi ò bá wọn jà. Mo ní kí wọ́n fún mi ní báàgì ìwé rẹ̀. Páálí Tramadol ni mo bá, nínú agolo tó ń kó rúlà àti kọ́ńpáàsì sí. Oògùn ìrora ni, tó bá sì pọ̀ lára, ó máa ń fa gìrì. Dókítà gbà á sí wọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ tán, ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ka èyí tó kù nínú páálí náà: hóró méje. Ó ní ṣé mo lè kó o fún òun, kí òun dá a padà fún ẹni tó tà á, nítorí owó.