Ìṣàkóso iyára pírósẹ́sọ̀ lórí sáfà irú Unix

Ìṣàkóso iyára pírósẹ́sọ̀ ni ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà dẹ iyára pírósẹ́sọ̀ rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ kò pọ̀, tí ó sì ń gbé e sókè nígbà tí iṣẹ́ bá dé, kí iná tó ń jẹ àti ooru tó ń tú jáde lè mọ níwọ̀n. Lórí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn) tó ń lo Linux, FreeBSD tàbí ètò ìdarí kọ̀ǹpútà irú Unix mìíràn, kernel, ìyẹn ọkàn ètò ìdarí náà, ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹni tó ń bójú tó sáfà sì lè yí i padà nípasẹ̀ fáìlì tàbí àṣẹ kúkurú. Ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara, níbi tí ínfátà àti jẹnẹrétọ̀ ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iná Nẹ́pà nígbà gbogbo, iye wákàtí tí bátìrì lè fi gbé sáfà ró ló sábà máa ń jẹ àwọn èèyàn lógún ju owó iná lọ.

Bí iná ṣe ń dínkù

Iná tí pírósẹ́sọ̀ ń jẹ lẹ́nu iṣẹ́ ń tẹ̀lé iyára rẹ̀, ó sì ń tẹ̀lé fólítéèjì tí a fi fólítéèjì fúnra rẹ̀ sọ di púpọ̀. Bí a bá gé iyára nìkan sí ìdajì, iná á já sí ìdajì lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà á gba ìlọ́po méjì àkókò, kò sì sí èrè níbẹ̀. Inú fólítéèjì ni èrè wà. Pírósẹ́sọ̀ tí kò sáré púpọ̀ lè fi fólítéèjì kékeré ṣiṣẹ́, bí fólítéèjì bá sì fi ìdá 10 nínú 100 wálẹ̀, iná tí iṣẹ́ kan náà ń gbà á fi bí ìdá 19 nínú 100 wálẹ̀. Ṣùgbọ́n fólítéèjì ní ibi tí kò lè rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́mórì, dísìkì àti fáànù náà kò mọ̀ pé pírósẹ́sọ̀ ti rọra. Iná tiwọn ni wọ́n ṣì ń jẹ.

Nítorí èyí, oorun pírósẹ́sọ̀ máa ń mú èrè wá ju ìrìn pẹ̀lẹ́ lọ lórí sáfà tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. ACPI, ìlànà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 1996, pe ipele iyára ní P-state, ó sì pe ipele oorun ní C-state. C0 ni ẹnu iṣẹ́. Ní C1, pírósẹ́sọ̀ dúró ṣùgbọ́n ó lè jí kíá. Ní C6, iná ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára rẹ̀ pátápátá, jíjí rẹ̀ sì ń pẹ́ díẹ̀. Sáfà tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ń gbé èsì ìdánwò jáde, tí èrò máa ń ya bò ní ọjọ́ tí èsì bá dé, tí kò sì rí ẹni kí i ní ọ̀sẹ̀ kejì, ni irú èyí bá mu jù. Ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kernel ń fúnni ni pé kí ó yára parí iṣẹ́, kí ó sì lọ sùn.

Kí ó tó lè sùn, ohun tó ń jí i gbọ́dọ̀ dákẹ́. Títí di Linux 2.6.21 ní ọdún 2007, aago kernel máa ń ta pírósẹ́sọ̀ jí láàárín ìgbà 100 sí 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yálà iṣẹ́ wà tàbí kò sí. Ẹ̀dà yẹn ló kọ́kọ́ jẹ́ kí aago náà dákẹ́ nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. PowerTOP, irinṣẹ́ tí Intel gbé jáde ní ọdún yẹn kan náà, máa ń to àwọn ètò tó ń jí pírósẹ́sọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú iye ìgbà tí wọ́n ń jí i.

Cpufreq àti àwọn governor

Lórí Linux, ẹ̀ka kernel tí a ń pè ní cpufreq ló ni iṣẹ́ yìí. Àwọn fáìlì rẹ̀ wà ní /sys/devices/system/cpu/cpu0/cpufreq, bẹ́ẹ̀ náà ni fún cpu1 àti àwọn yòókù. Kìlóháàsì ni wọ́n fi ń ka iyára níbẹ̀, nítorí náà 2400000 nínú scaling_cur_freq túmọ̀ sí 2.4 GHz. Governor ni ètò tó ń pinnu iyára. Performance kì í kúrò lókè, powersave kì í kúrò nísàlẹ̀, userspace sì fi ìpinnu sílẹ̀ fún alákòóso. Ondemand, tó wọlé pẹ̀lú Linux 2.6.9 ní ọdún 2004, ń wo bí ọwọ́ pírósẹ́sọ̀ ṣe dí tó, ó sì máa ń fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Conservative ń gbé iyára sókè ní ìpele ìpele. Schedutil, láti Linux 4.7 ní ọdún 2016, ń gba ìròyìn tààrà lọ́dọ̀ ẹ̀ka kernel tó ń pín iṣẹ́.

Ibi tí àṣìgbọ́ pọ̀ sí jù ni powersave. Lábẹ́ intel_pstate, dráífà (ètò tí kernel fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) fún pírósẹ́sọ̀ Intel, tó wọ Linux 3.9 ní ọdún 2013, powersave kì í so pírósẹ́sọ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń gbé e sókè sódò bí iṣẹ́ bá ṣe rí, ó sì sún mọ́ ìwà ondemand. Ẹni tó bá ka ìmọ̀ràn àtijọ́ tí wọ́n kọ fún dráífà àtijọ́, acpi-cpufreq, lè bẹ̀rù rẹ̀ lásán. Scaling_driver ló yẹ kí a kọ́kọ́ ṣí, kí a mọ dráífà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Fún pírósẹ́sọ̀ AMD tuntun, amd_pstate wọlé pẹ̀lú Linux 5.17 ní ọdún 2022.

Àṣẹ cpupower frequency-set -g powersave ń yí governor padà, ṣùgbọ́n bí sáfà bá kú tó sì tún tan, ó ti lọ nìyẹn, àfi bí a bá fi í sínú ohun tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń dìde. Lórí Intel, kíkọ 1 sínú /sys/devices/system/cpu/intel_pstate/no_turbo ń pa Turbo Boost, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí pírósẹ́sọ̀ sáré kọjá iyára ìpìlẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó jọ pé ibẹ̀ ló dára jù láti kọ́kọ́ gbìyànjú lórí bátìrì, nítorí iyára òkè téńté ló ń fẹ́ fólítéèjì tó ga jù. Sáfà tí a yá nínú ẹ̀rọ ẹlòmíràn kì í sábà ní àwọn fáìlì wọ̀nyí rárá. Ẹni tó ni ẹ̀rọ gan-an ló ń pinnu.

Ní Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀

Bátìrì 12 V tó jẹ́ 200 Ah ń gba 2,400 Wh. Bí ó bá jẹ́ bátìrì olómi tí a kò fẹ́ kó tètè kú, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ là ń lò, ìyẹn 1,200 Wh. Sáfà tó ń jẹ 120 W á lo wákàtí 10 lórí rẹ̀. Bí a bá fà á wálẹ̀ sí 100 W, ó di wákàtí 12, kí a tó yọ ohun tí ínfátà ń jẹ fún ara rẹ̀. Ní ti owó, 20 W yẹn jẹ́ 14.4 kWh láàárín ọjọ́ 30. Bí a bá fi ₦225 fún kWh kan ṣírò rẹ̀, iye tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mọ̀nàmọ́ná ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí fún oníbàárà Band A ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ó jẹ́ ₦3,240.

Network UPS Tools, ètò tí ọ̀pọ̀ ń pè ní NUT, lè mú kí àṣẹ tí a kọ sílẹ̀ pa turbo bí UPS (àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró bí iná bá lọ) bá ti kéde pé òun ti wà lórí bátìrì, kí ó sì dá a padà bí wọ́n bá mú iná wá. Ínfátà tí kò ní ihò tí kọ̀ǹpútà fi lè bá a sọ̀rọ̀ kò lè ṣe irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tó ṣeé dá níbẹ̀ ni kí a so róútà àlòkù kan mọ́ iná Nẹ́pà tààrà, kí sáfà máa fi ping, àṣẹ tó ń béèrè bóyá ẹ̀rọ kan wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, pè é ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá ti dáhùn, wọ́n ti mú iná lọ nìyẹn.

Ọyẹ́ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Eruku rẹ̀ pọ̀ lágbègbè yìí débi pé ibùdó kan tó ń wọn eruku ojú sánmọ̀ fún AERONET, àkójọ irú ibùdó bẹ́ẹ̀ káàkiri àgbáyé, ti wà ní Yunifásítì Ìlọrin láti ọdún 1998. Eruku kan náà ló ń dí àlàfo irin tó ń fa ooru kúrò lára pírósẹ́sọ̀. Bí ooru bá ti kọjá ààlà, pírósẹ́sọ̀ á dín iyára ara rẹ̀ kù láìbéèrè lọ́wọ́ governor kankan, àwọn èèyàn á sì máa dá Linux lẹ́bi. Lórí Intel, ẹ ṣí /sys/devices/system/cpu/cpu0/thermal_throttle/core_throttle_count: bí iye inú rẹ̀ bá ń gorí ara rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ni sáfà náà ń fẹ́, kì í ṣe àṣẹ.

Àwọn irú Unix yòókù

Lórí FreeBSD, powerd ló ń ṣe iṣẹ́ governor; powerd_enable="YES" nínú /etc/rc.conf ló ń tan án, sysctl dev.cpu.0.freq_levels sì ń fi ipele iyára tó wà hàn. OpenBSD ń lo apmd pẹ̀lú hw.setperf, NetBSD sì ní estd, tí a ń gbà láti inú pkgsrc, àkójọ ètò àfikún rẹ̀.