Kì í ṣe gbogbo pẹ́pẹ́yẹ igbó aláwọ̀ ilẹ̀ ni abo

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fẹ́ràn ẹyẹ ló gbà pé pẹ́pẹ́yẹ igbó tí ìyẹ́ rẹ̀ bá ń dán ni akọ, àti pé èyí tó bá rí bí erùpẹ̀ ni abo. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Karùn-ún, ìgbàgbọ́ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ tan ènìyàn jẹ lórí mallard, pẹ́pẹ́yẹ tó wọ́pọ̀ gan-an nínú àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ìlú London. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá padà lọ síbẹ̀ ní oṣù Keje lè rò pé gbogbo akọ ti ṣí lọ, bẹ́ẹ̀ iwájú rẹ̀ gan-an ni wọ́n wà.

Nígbà tí abo bá ti ń sàba lé ẹyin, akọ a máa re ìyẹ́. Àwọ̀ ewé tó ń dán lórí rẹ̀ àti òrùka funfun ọrùn rẹ̀ á pòórá, ìyẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní tótòtó á sì rọ́pò wọn. Láàárín àkókò yìí ni gbogbo ìyẹ́ ńlá tó fi ń fò máa ń já lẹ́ẹ̀kan náà, débi pé kò ní lè fò fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹyẹ tí kò lè fò, tó sì tún ń dán, kò ní pẹ́ di ìjẹ ẹranko, ìyẹn ni mo fi gbà pé aṣọ ìfarapamọ́ ni àwọ̀ ilẹ̀ náà.

Láti mọ akọ yàtọ̀ sí abo nígbà náà, ẹnu ẹyẹ náà ni kí a wò. Ẹnu akọ mallard kì í kúrò ní àwọ̀ ìyeyè tó fara pẹ́ ewé, nígbà tí ti abo jẹ́ àwọ̀ ọsàn pẹ̀lú àbàwọ́n dúdú. Ohùn náà ń ràn wá lọ́wọ́, nítorí abo ló ń ké kíkankíkan bí a ti mọ̀ ọ́n mọ́ pẹ́pẹ́yẹ. Ohùn akọ rọlẹ̀, ó sì há. Bí ó bá jẹ́ gadwall, irú pẹ́pẹ́yẹ igbó mìíràn tí abo rẹ̀ jọ abo mallard púpọ̀, ni ọ̀ràn ń dà rú, ṣùgbọ́n àmì funfun wà lápá gadwall níbi tí mallard ti ní àwọ̀ aró tí ìlà funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ní Nàìjíríà, pẹ́pẹ́yẹ olójú funfun tó ń súfèé tako ìgbàgbọ́ náà pátápátá, torí pé akọ àti abo rẹ̀ kò yàtọ̀ ní àwọ̀. Èyí tó ń ṣini lọ́nà jù ni garganey, tó ń pa ọmọ ní Yúróòpù àti Éṣíà, tó sì ń wá lo ìgbà òtútù ní àbàtà Hadejia àti Nguru àti ní Adágún Chad. Aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ ni àwọn akọ rẹ̀ máa ń wọ̀ dé, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í bọ́ ọ títí ọdún tuntun yóò fi wọlé. Ẹni tó bá kà wọ́n ní oṣù Kọkànlá, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé abo nìkan ló dé, ti ṣi ẹyẹ púpọ̀ kà. Kí ó dúró títí wọn yóò fi na ìyẹ́: iwájú apá akọ mọ́lẹ̀ bí eérú tí a po aró díẹ̀ mọ́, ti abo sì ṣókùnkùn.