Láti Orí Lẹ́tà Dé Orí Fóònù: Bí Ẹ̀kọ́ Ọ̀nà Jíjìn Ṣe Fìdí Múlẹ̀ ní Èkó

Bí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kòrónà ló máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn ti pẹ́ nílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1944 ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gboyè nínú ìmọ̀ ìṣòwò ní Yunifásítì Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ilé níbí ní Nàìjíríà ló sì ti fi lẹ́tà kàwé náà.

Nígbà tó di 1974, Yunifásítì Èkó ní Àkọkà dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ tó sì ń wá oyè. Ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n tẹ̀ ló ń gbé kíláàsì lọ bá wọn nílé. Ẹ̀ka náà ti yí orúkọ padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Distance Learning Institute ló ń jẹ́ báyìí.

Ìjọba àpapọ̀ náà dá National Open University sílẹ̀ ní 1983, àwọn ológun sì tì í pa ní 1984. Ó dùn mí dọ́kàn, nítorí ọdún 17 gbáko ló fi wà ní títì kí ìjọba Ọbásanjọ́ tó jí i dìde ní 2001. Victoria Island ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà kí wọ́n tó kó o lọ sí Àbújá. Ọdún 2001 yẹn kan náà ni fóònù GSM wọlé, òun ló sì la ọ̀nà fún gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e.

Ní oṣù kẹta 2020, wọ́n ti ilé ìwé pa nítorí kòrónà, ASUU sì yanṣẹ́ lódì títí di oṣù kejìlá. Ní oṣù keje 2021, nígbà tí kòrónà tún gbérí, Yunifásítì Èkó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó sì gbé ẹ̀kọ́ lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Kí ló ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ gba ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tàbí kọ̀ ọ́? Fred Davis, onímọ̀ kan ará Amẹ́ríkà, sọ ọ́ ní 1989 pé nǹkan méjì lèèyàn ń wò lára ẹ̀rọ: ṣé yóò ṣe mí láǹfààní, ṣé kò ní ṣòro lò? Ní 2003, Viswanath Venkatesh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ohun tí àwọn tó yí wa ká ń sọ kún un, àti bóyá ohun èlò wà nílẹ̀. Lójú tèmi, èyí tó kẹ́yìn yìí ló wúwo jù ní Èkó.

Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Bàríga tí NEPA ti mú iná lọ láti àárọ̀. Kò bẹ̀rù ẹ̀rọ rárá. Ó ṣeé ṣe kó mọ fóònù lò ju olùkọ́ rẹ̀ lọ. Ohun tó ń ṣírò ni iye dátà tí fídíò wákàtí méjì yóò jẹ, àti bóyá bátìrì yóò gbé e dé ìparí. Á pa kámẹ́rà, á fi ohùn nìkan sílẹ̀. Bó bá nílò fídíò náà dandan, á dúró di òru tí dátà dínwó, kó tó dáńlóòdù rẹ̀.

Ìdí nìyí tí gúrúùpù WhatsApp kíláàsì fi gbilẹ̀ láìsí ẹni tó pàṣẹ rẹ̀. Course rep, ìyẹn aṣojú kíláàsì, á ju PDF síbẹ̀, olùkọ́ á fohùn ránṣẹ́, ẹni tí kò ní dátà láàárọ̀ á sì bá gbogbo rẹ̀ níbẹ̀ nígbà tó bá rówó rà á.