Eré Ẹṣin àti Eré Ìdárayá Ọjọ́ Ọdún ní Àwọn Abúlé New Zealand Láyé Ìjọba Amúnisìn

Láàárín 1860 sí 1900, ẹṣin tó bá wà nílẹ̀ ni àwọn ará abúlé ní New Zealand ń fi sáré lọ́jọ́ ọdún. Ọ̀kan ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù, ọ̀kan ń gbé darandaran kiri orí òkè, ọ̀kan sì jẹ́ ọmọ ẹṣin eléré tí olóko ọlọ́rọ̀ kan rà wá. Bí gbogbo wọn bá gbéra lójú ilà kan náà, tí ẹrù ẹ̀yìn wọn sì dọ́gba, kò sẹ́ni tí kò mọ èyí tó máa gbégbá orókè. Ta ló máa wá san owó láti forúkọ ẹṣin tirẹ̀ sílẹ̀? Iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló mú kí ọjọ́ náà dùn: ẹni tó ń dín agbára alágbára kù, kí òun àti aláìlágbára lè jọ dé òpin papọ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni Oṣù Kejìlá àti Oṣù Kìíní lọ́hùn-ún. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́ irun àgùntàn tán, àlìkámà kò tíì gbó níbi púpọ̀, ilẹ̀ sì gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ kejì Kérésìmesì àti ọjọ́ kìíní ọdún fi gba iwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mọ́ńdè Àjíǹde náà kì í lọ lásán. Àwọn tó wá láti Sìkọ́tílándì fẹ́ràn ọjọ́ kìíní ọdún jù, nítorí ìjọ Presbyterian tiwọn kì í ka Kérésìmesì sí. Ní Turakina, eré wọn ti bẹ̀rẹ̀ láti 1864. Ní Waipu, níbi tí àwọn ará Sìkọ́tílándì tó ti kọ́kọ́ gbé ní Nova Scotia ní Kánádà tẹ̀dó sí, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1871, eré ọjọ́ kìíní ọdún wọn sì wà títí dòní. 24 Oṣù Karùn-ún, ọjọ́ ìbí Ọbabìnrin Fikitóríà, jẹ́ ọjọ́ eré pẹ̀lú. Ọjọ́ yìí kan náà ló padà di Ẹ́ńpáyà Dè, tí àwọn ọmọ iléèwé nílẹ̀ Yorùbá fi ń yan bí ológun tí wọ́n sì ń sáré ìje.

Ìgbìmọ̀ eré sábà máa ń pàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì abúlé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Akọ̀wé á gba owó ìtìlẹ́yìn lọ́wọ́ olóko àti oníṣòwò, á sì kéde ẹ̀bùn nínú ìwé ìròyìn. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ti ṣèlérí ẹ̀bùn kí wọ́n tó mọ iye ènìyàn tó máa sanwó ẹnu ọ̀nà. Bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ náà, gbèsè ló kù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ta àyè àgọ́ ọtí ní gbàǹjo ṣáájú: bí èrò wá bí wọn kò wá, owó yẹn ti wọlé.

Pápá náà gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kí àyíká rẹ̀ sì sún mọ́ máìlì 1. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, àwọn ẹṣin á yí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kọ́nà rẹ̀ á há, ẹṣin tó ń bọ̀ pẹ̀lú eré á sì fẹ̀ síta. Wọ́n á hú kùkùté, wọ́n á dí ihò ehoro, wọ́n á ri òpó alásìíá mọ́ inú kọ́nà. Ibi tí adájọ́ dúró sí ṣe kókó: òpó méjì ló gbọ́dọ̀ dojú kọ ara wọn, ọ̀kan lápá ọ̀hún pápá, kí ojú rẹ̀ lè gba àárín wọn kọjá tààrà. Bí ó bá yà díẹ̀, ẹṣin tí kò borí lè dà bíi pé ó borí lójú rẹ̀.

Ní ti ẹrù, stone ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n; stone 1 jẹ́ kílò 6.35. Ẹṣin tó dára jù lè gbé stone 11, kí èyí tó rẹ̀yìn gbé 7. Ìwọ̀n yìí kó agẹṣin àti gàárì pọ̀. Bí kò bá pé, wọ́n á fi òjé kún un. Ẹni tó ń pín ẹrù á wo ohun tí ẹṣin ti ṣe sẹ́yìn, iye ọdún rẹ̀, àti bí ọ̀nà ṣe jìn tó, nítorí bí eré bá ṣe gùn tó ni ẹrù ṣe ń mú ẹṣin tó. Nínú eré máìlì 1, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà gbà pé kílò 1 ó lé díẹ̀ lè dá ẹṣin padà ní gígùn ara rẹ̀ kan. Wọ́n á tẹ ìwọ̀n náà jáde, olówó ẹṣin tó bá fara mọ́ tirẹ̀ á san owó kejì, ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn á yọ ẹṣin rẹ̀ kúrò.

Gbogbo èyí di asán bí òṣùwọ̀n kò bá ṣọ́ ọ. Agẹṣin á gun òṣùwọ̀n ṣáájú eré, á tún gùn ún lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn eré, kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ títí alábòójútó òṣùwọ̀n á fi ní kó sọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, nítorí ẹni tó ju òjé nù sẹ́yìn igbó lè rí ọ̀rẹ́ tó máa kì í bọ̀ ọ́ lápò padà. Ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá pé ti pàdánù, bó tilẹ̀ fi pápá méjì ṣáájú.

Àsíá ni wọ́n fi ń dá eré sílẹ̀. Ẹṣin oko tí kò mọ èrò á máa ta ìpá, á máa yíra ká, ìgbéra kan sì lè gba àkókò gígùn kí wọ́n tó wà lójú ilà kan. Ní ọdún 1890 sí 1899 ni ẹ̀rọ olókùn tó ń fò sókè lójú ẹṣin wá láti Ọsirélíà, ó sì dín wàhálà yẹn kù.

Àwọn Máórì, ọmọ onílẹ̀ New Zealand, náà wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agẹṣin àti olówó ẹṣin, wọ́n sì ń ṣe ìdíje tiwọn. Ẹgbẹ́ eléré ẹṣin Máórì ti Ōtaki, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1886, ṣì wà.

Eré ẹsẹ̀ ń lo ọgbọ́n kan náà, àmọ́ yáàdì ló dípò ẹrù. Ẹni tó yára jù á dúró lójú ilà, àwọn yòókù á ṣíwájú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń sá yáàdì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 10.2, tí òmíràn ń sá a ní 11, yáàdì 7 ni ẹni kejì máa gbà. Ẹni tó bá gbéra kí ìbọn tó dún, wọ́n á fà á sẹ́yìn ní yáàdì 1. Ọ̀tá ètò yìí ni ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fà sẹ́yìn nínú eré kékeré kí wọ́n lè fún un ní yáàdì púpọ̀ nínú eré ńlá. Ó burú ju ìyẹn lọ bí asáré gidi láti ìlú mìíràn bá forúkọ ẹlòmíràn wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè àbájáde eré àtẹ̀yìnwá lọ́wọ́ àjèjì.

Jíju òòlù, jíju òkúta, fífò sókè, eré inú àpò fún ọmọdé àti fífa okùn kún àárín eré ẹṣin, kí ẹṣin lè sinmi. Nínú jíju òpó igi, kì í ṣe bó ṣe jìn ni wọ́n ń wò. Ìdí òpó tó wúwo, tó wà lókè, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kanlẹ̀, kí òpó yí po, kí òpó náà sì nà síwájú tààrà bí ọwọ́ aago ní agogo 12.

Tẹ́tẹ́ kò ṣeé yọ sílẹ̀. Láti 1880 ni ẹ̀rọ totalisator, tó ń ka owó tẹ́tẹ́ gbogbo ènìyàn pọ̀ kí wọ́n lè pín in fún àwọn tó jẹ, ti dé New Zealand; òfin 1881 sì sọ pé ẹgbẹ́ tó bá máa lò ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Bí wọ́n bá ta tíkẹ́ẹ̀tì 100 ní pọ́n-ùn 1 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n yọ ìdá 10 nínú 100, pọ́n-ùn 90 ló kù. Bí tíkẹ́ẹ̀tì 20 bá wà lórí ẹṣin tó borí, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba pọ́n-ùn 4 àti ṣílè 10. Owó tí wọ́n yọ yẹn ló sọ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kékeré di ẹni tó ń dá dúró láìtọrọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ta ko àbájáde á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì fi owó tì í. Bí ẹjọ́ rẹ̀ kò bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, owó náà ti lọ. Títí ìgbìmọ̀ á fi dájọ́, wọn kì í san ẹ̀bùn eré yẹn. Ti àwọn eré yòókù, wọ́n á kà á lé olúborí lọ́wọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì.