Nọ́ńbà tí wọ́n ní ó ti tó àsìkò

Shátì àwọn nọ́ńbà tó ti jáde sẹ́yìn kì í wọ́n nídìí kíósìkì lọ́tò. Àwọn tó ń ta Baba Ìjẹ̀bú á máa fi bírò tọ́ ọ wò, wọ́n ń wá èyí tó ti pẹ́ tí kò yọjú. “Ìgbà 40 rèé tí 17 ò ti jáde. Ó ti tó àsìkò ẹ̀.” Wọ́n bá fi ṣe bánkà, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé jù.

Ó jọ ọgbọ́n, àmọ́ àṣìrò ni. Bọ́ọ̀lù 5 ni wọ́n ń mú nínú 90, nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan nínú eré 18 la lè máa retí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Bí eré tuntun bá sì ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo 90 ló ti padà sínú ẹ̀rọ. Bọ́ọ̀lù kì í rántí ìgbà tó jáde kẹ́yìn. 17 tó ti sá lọ látọjọ́ yìí àti 62 tó jáde lánàá, ọgbọọgba ni wọ́n. Kódà, sísá tí 17 sá kì í ṣe ìyanu. Tí a bá ṣírò rẹ̀, nínú eré 40, nǹkan bíi nọ́ńbà 9 ni a lè retí pé kò ní jáde rárá. Kò sí shátì tí ẹni tó ń wá “èyí tó ti pẹ́” ò ní rí i nínú ẹ̀.

Ní ilé tẹ́tẹ́ Monte Carlo, ní ọjọ́ 18 Oṣù Kẹjọ, 1913, bọ́ọ̀lù rulẹ́ẹ̀tì, tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sórí àwo tó ń yí, tó ní ihò dúdú àti pupa, bọ́ sí dúdú nígbà 26 léraléra. Bí dúdú ṣe ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń da owó lé pupa, tí owó ọ̀hún sì ń ṣòfò. Bẹ́ẹ̀, ihò 18 nínú 37 ni ti pupa ní ìgbà àkọ́kọ́, òun náà ni tiẹ̀ ní ìgbà kẹrìndínlọ́gbọ̀n.

Òtítọ́ tí wọn ò gbọ́ tán ló ń ṣi èèyàn lọ́nà: pé tó bá pẹ́, gbogbo ẹ̀ á dọ́gba. Báwo ló ṣe ń dọ́gba? Ká ní a ju kọ́bọ̀ sókè nígbà 10, tó jẹ́ ojú nìkan ló ń hàn. Ká wá jù ú ní 1,000 ìgbà sí i, kí ojú mú 500, kí ẹ̀yìn mú 500. Ojú ti di 510 nínú 1,010, ìyẹn bíi 50.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yìn ò san gbèsè kankan. 10 tí ojú fi ṣíwájú ṣì wà níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún tó dé lẹ́yìn ló kàn gbé e mì.

Nínú Whot, ìrònú yìí kan náà tọ̀nà. Káàdì tó ti balẹ̀ kò sí nínú máàkẹ́ẹ̀tì mọ́, ẹni tó bá ń ka èyí tó ti jáde mọ èyí tó kù. Àfi tí máàkẹ́ẹ̀tì bá tán, tí wọ́n kó káàdì ilẹ̀ pọ̀, tí wọ́n tún un pò.